Àdúrà Ìyá Onílé Pune àti Tiwa ní Ekenwan Road

Ẹni tó bá gba Ekenwan Road kọjá lọ́sẹ̀ yìí á mọ̀ pé a ò rìn mọ́, à ń wọ́dò ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀nà kọ́ ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ àdúrà ni. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ń kàwé ní ìlú Pune ní Íńdíà. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Yàrá kan ló gbà nínú ilé opó àgbàlagbà kan. Ilé náà mọ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, ìyá náà sì máa ń bu oúnjẹ fún un. (Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà, ìyá rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń wá a nílẹ̀.) Gbogbo wa la ti ń dúpẹ́, àfìgbà tó di ọjọ́ kan tó sọ ọ́ nínú WhatsApp ẹbí wa pé ìyá náà kì í ṣe Híńdù, kì í ṣe Mùsùlùmí, kì í ṣe Kristẹni. Parsi ni wọ́n ń pè wọ́n, iwájú iná ni wọ́n ti ń gbàdúrà, fìtílà kan sì wà nílé tí ìyá náà kì í jẹ́ kó kú.

Háà! Ẹ̀gbọ́n ìyá wa tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Abọná! Ọmọ wa ń gbé lọ́dọ̀ abọná! Kó kó ẹrù rẹ̀ jáde kí oṣù tó parí. Ìyá mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń sunkún. Bàbá wa ti di olóògbé, èmi ni àkọ́bí, ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi: "Ìyá Tọ́lá, kí lo wí sí i?"

Mi ò wí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni Íńdíà fi ṣíwájú wa, nítorí náà ọ̀sán tí ọjà bá dá ni mo máa ń pè é. Mi ò bi í pé ṣé wọ́n ń bọ iná àbí wọn ò bọ iná. Mo ní kó ro ohun tí ìyá náà ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ fún mi, bó ṣe rí i gan-an, kó má fi tirẹ̀ kún un.

Ó ní ìyá náà ń wọ ẹ̀wù funfun fẹ́lẹ́ kan sábẹ́ aṣọ, sudreh lorúkọ rẹ̀. Àpò kékeré kan wà ní ọrùn ẹ̀wù náà, bí ẹni pé ọmọ bèbí ni wọ́n rán an fún. Wọ́n ní iṣẹ́ rere ni èèyàn ń kó síbẹ̀. Lórí ẹ̀wù yìí ló wé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ìbàdí, kusti nìyẹn. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, òwú inú rẹ̀ sì jẹ́ 72, torí orí 72 ló wà nínú Yasna, ọ̀kan nínú ìwé ìsìn wọn. Tó bá jí, á fọ ọwọ́ àti ojú, á bo orí, á kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà: oòrùn lọ́sàn-án, fìtílà lálẹ́. Á tú okùn náà, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níwájú, á máa gbàdúrà. Ibi tí àdúrà bá ti kan ẹ̀mí búburú, Ahriman, á ju etí okùn náà fìrì, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Á wá tún un wé, ìgbà mẹ́ta yí ìbàdí ká, á ta kókó níwájú, á ta kókó lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn dúró fún èrò rere, ọ̀rọ̀ rere, ìwà rere. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Tó bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé, á tún un ṣe. Kó tó jẹun, á tún un ṣe.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni wákàtí wọn. Ìṣọ́ márùn-ún ni wọ́n pín ọjọ́ sí. Látìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ọ̀sán gangan ni Havan. Ọ̀sán gangan sí agogo mẹ́ta ni Rapithwin. Agogo mẹ́ta títí oòrùn á fi wọ̀ ni Uzerin. Ìrọ̀lẹ́ sí ọ̀gànjọ́ ni Aiwisruthrem (ẹ má bínú, èmi náà ò lè pè é). Ọ̀gànjọ́ sí ìdájí ni Ushahin. Ìkọ̀ọ̀kan ló ní àdúrà tirẹ̀ àti ẹ̀mí rere tó ń ṣọ́ ọ. Ohun kan sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gidi: nígbà òtútù, wọn kì í pe ti ọ̀sán. Wọ́n ní ẹ̀mí ọ̀sán ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó lọ ń mú gbòǹgbò igi àti omi ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ kí òtútù má baà pa wọ́n, ó dìgbà tí ooru bá dé kó tó padà. Ẹni tó kọ́kọ́ ro irú èyí, àgbẹ̀ ni, mo fẹ́ ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ahura Mazda lorúkọ Ọlọ́run wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Olúwa Ọlọ́gbọ́n. Wòlíì wọn ni Zarathustra, ẹ̀sìn náà sì ti lé ní 2,500 ọdún. Iná kì í ṣe Ọlọ́run lójú wọn, ibi tí wọ́n ń kọjú sí ni, bí Mùsùlùmí ṣe ń kọjú sí Mẹ́kà láìbọ Mẹ́kà. Nílé ìsìn ńlá wọn, àlùfáà ń fi igi olóòórùn dídùn bọ́ iná náà lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, bí ìṣọ́ kan bá ti ń lọ tí òmíràn ń wọlé, á sì lu agogo. Ọmọ wa ò lè wọbẹ̀. Ní Íńdíà, ẹni tí kì í ṣe Parsi kì í wọ ilé iná.

Ẹ wá wo ọgbà tiwa. Face-me-I-face-you ni, yàrá mẹ́jọ. Agogo márùn-ún ìdájí kì í tíì lù tí Alhaja, Ìyá Mòríáà, á ti máa da omi àlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Àsùbáà nìyẹn. Tó bá di agogo mẹ́fà, ọkọ mi á mi agogo kékeré ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọmọ á sì wọ́ jáde tàwọn ti oorun lójú. Aládùúrà pọ́ńbélé ni: mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méjìlá, mẹ́ta, títí di òru. Mẹkáníìkì ni. Bó bá wà lábẹ́ ọkọ̀ tí agogo méjìlá lù, á yọ jáde, á bọ́ sílípáàsì, á sọ gbólóhùn mélòó kan, á padà sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Lẹ́yìn tiwa ni baba onílé, ọmọ Ẹ̀dó, á jáde sídìí Olókun rẹ̀ pẹ̀lú orhue, ìyẹn ẹfun tiwa, á sì tú u sílẹ̀ níwájú. Tó bá ń súre, "Isẹ" làwọn ọmọ ẹ̀ ń dáhùn, bí àwa ṣe ń wí pé àṣẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkíni àárọ̀ wọn á wá bẹ̀rẹ̀, torí nílẹ̀ Ẹ̀dó ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń kí àgbà láàárọ̀, èèyàn á sì mọ ilé tí o ti wá.

Mo fi ìṣọ́ márùn-ún tọ̀hún wé ìrun márùn-ún Alhaja. Àsùbáà bọ́ sí ìparí Ushahin. Àyìlà bọ́ sí Rapithwin. Alásárì, Uzerin. Mògàríbì àti Ìṣáì jọ wà nínú èyí tí ẹnu mi ò lè pè. Havan nìkan ni kò ní ìrun tó jẹ́ dandan nínú rẹ̀, Alhaja sì ní òun ń kí wàláhà nígbà yẹn ní tòun. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà ni iye márùn-ún yẹn ti wá. Alhaja ní irọ́ ni, ìrìnàjò òru ni Ànábì ti gbà á, àádọ́ta ni tẹ́lẹ̀ kó tó di márùn-ún. Èmi kọ́ ni máa dá ẹjọ́ yẹn. Ọmọ Mùsùlùmí ni mí lọ́dọ̀ bàbá, ọmọ Aládùúrà lọ́dọ̀ ìyá, mo ti kọ́ láti kékeré pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán.

Nǹkan tó jọra ò tíì tán o. Àlùwàlá àti omi ìfọjú ìyá náà. Orí bíbò. Àmùrè tí àwọn Kérúbù wa ń dì mọ́ aṣọ funfun. Nírọ̀lẹ́, ìyá náà á gbé tùràrí yí gbogbo yàrá ká. Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ̀lẹ́ rí mọ òórùn yẹn. Láàárọ̀, á da ẹfun lúbúlúbú láti inú agolo tí wọ́n lu ihò sí nídìí, á fi ya òdòdó àti ẹja sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọmọ náà ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo fi han baba onílé. Baba wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló wá gbé Olókun dé Íńdíà?

Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Irú ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn, kò sì jẹ́ kéèyàn rí nǹkan kan. Alhaja ṣàlàyé fún mi pé wọ́n kọ̀ fún àwọn láti kírun ní ìṣẹ́jú tí oòrùn ń yọ gan-an àti ìgbà tó ń wọ̀ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oòrùn làwọn ń sìn. Ìyá Pune ní tirẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ wá oòrùn ojú. Ọkọ mi sì ń béèrè nǹkan nínú àdúrà rẹ̀: owó ilé ìwé, ìlera, kí Land Cruiser tó wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù ṣáà ṣíná. Àdúrà ìyá náà, bí àbúrò mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè. Ó ń sọ ẹ̀gbẹ́ tóun wà ni. Ìgbà gbogbo tó bá tún okùn yẹn so, ó tún ti sọ pé ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀ lòun wà, òun ò sí lọ́dọ̀ irọ́.

Ìgbà tí mo délẹ̀ ibẹ̀ ni mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá wa. Mo kí wọn dáadáa. Mo ní Mọ̀mí, ẹ rántí Dáníẹ́lì. Àlejò ni nílẹ̀ onílẹ̀, ní ìjọba Dáríúsì, ó ṣí fèrèsé rẹ̀ sí Jerúsálẹ́mù, ó ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo ní Kírúsì ọba Páṣíà tó ní kí àwọn Júù padà lọ kọ́ tẹ́ńpìlì, ilẹ̀ tí ẹ̀sìn ìyá yìí ti wá ló ti jọba. Mo ní àwọn amòye tó gbé wúrà wá fún Jésù, orúkọ tí ìwé Gíríìkì pè wọ́n, orúkọ àlùfáà ilẹ̀ Páṣíà ni. Mọ̀mí dákẹ́. Wọ́n ní ó dáa, àwọn ti gbọ́, àwọn á gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà kò kó ẹrù.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, n kì bá sì ti kọ ọ́ síbí. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé àlejò bíi tiwa làwọn Parsi náà. Páṣíà, tó ń jẹ́ Iran báyìí, ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n pa ọba wọn tó kẹ́yìn, Yazdegerd Kẹta, ní 651, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Lárúbáwá ti gba ilẹ̀ náà. Nígbà tó yá, àwọn kan wọkọ̀ ojú omi lọ sí Gujarat ní Íńdíà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn ni pé ọba ibẹ̀ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀, kí àwọn obìnrin wọn máa wọ aṣọ ìlú, kí wọ́n sì máa sọ èdè ìlú. Wọ́n gbà. Dòní, Gujarati ni èdè ilé wọn. Èdè Páṣíà ti lọ. Ohun tí kò lọ ni àdúrà. Avesta ni wọ́n fi ń gbàdúrà, èdè tí kò sí ẹni tó ń fi í nájà mọ́ láyé. Kódà Freddie Mercury, olórin Queen yẹn, Parsi ni. Zanzibar ni wọ́n bí i sí ní 1946, Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí ní 1991, àlùfáà ẹ̀sìn yìí ló sì ṣe ìsìnkú rẹ̀.

Àmọ́ wọ́n ń dínkù o. Nínú ìkànìyàn Íńdíà ọdún 2001, wọ́n jẹ́ 69,601. Ní 2011, wọ́n di 57,264. Wọn kì í tètè gbéyàwó, ọmọ tí wọ́n ń bí ò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ Parsi wọlé. Ìyá onílé yẹn bí méjì. Ọ̀kan wà ní Kánádà. Lọ́jọ́ Sunday, ìyá máa ń pe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù láti kọ́ wọn ní Ashem Vohu, àdúrà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjìlá péré. Àbúrò mi ní òun ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá òun, wọ́n á kà á, wọ́n á ṣì í, ìyá á ní kí wọ́n tún un kà. Ó bi ìyá náà pé ṣé ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Ìyá ní òun mọ ohun tó ń sọ lápapọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kóun tú u lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ò ní lè tú u.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Torí lóṣù yẹn gan-an ni ọkọ mi dá a lábàá pé ká máa fi òyìnbó ṣe àdúrà àárọ̀ nílé wa. Kì í ṣe pé ó kórìíra Yorùbá. Ó ní àwọn ọmọ ò bá wa lọ mọ́. Òótọ́ ni. Pidgin ni wọ́n ń sọ ní ọgbà, Ẹ̀dó ni wọ́n ń gbọ́ lójú pópó, òyìnbó ni ilé ìwé. Tí a bá ń ka Sáàmù kẹtàlélógún, ẹnu ni wọ́n ń mì. Ó ní Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè, kò sì sí èrè nínú kí ọmọ máa tòògbé níwájú Ọlọ́run. Mo ro ó títí, mi ò rí ibi tó ti parọ́.

Mo gbé e tọ Alhaja lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Lárúbáwá ni mo fi ń kírun. Tí mo bá sálámà tán, tí mo la ọwọ́ méjèèjì, Yorùbá ni mo fi ń tọrọ. Mòríáà ọmọ mi ń kírun dáadáa, ó ju èmi gan-an lọ. Ṣùgbọ́n tó bá la ọwọ́, pidgin ló ń bọ́ sílẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Èyí tí wọ́n kọ́ ọ kò lè sọnù. Èyí tó ń tinú ẹ̀ wá ló sọnù."

Ó dà bí ẹni pé ó fi abẹ́rẹ́ gún mi. Torí ohun tí èmi ń jà fún ni Sáàmù, èyí tí wọ́n kọ́ wa. Mo rò pé tí ọmọ bá ṣáà ti há a sórí, Yorùbá ti wà nílé nìyẹn. Ìyá Pune ní ọ̀rọ̀ méjìlá, ó sì ti dì wọ́n mú láti ilẹ̀ baba rẹ̀ dé òkè òkun, mi ò ní fojú kéré rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n kò lè fi èdè yẹn sọ fún Ọlọ́run pé orúnkún ń dun òun. Àwa ṣì lè fi tiwa sọ ọ́. Ìyẹn ni mi ò fẹ́ kó kú sí Ekenwan Road.

Èmi àti ọkọ mi jókòó lé e lórí, a jọ gbà. Kíka Bíbélì, òyìnbó, kó yé wọn. Orin, èyí tó bá wu ẹni tó ń dá a. Ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi Yorùbá tọrọ ohun kan, ohun kan péré, tó jẹ́ tirẹ̀, tí kò há sórí. A ò ní bá a tún un ṣe tó bá ṣì í.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Lọ́jọ́ kìíní, Tọ́lá dúró títí, ó ní "Olúwa, jọ̀ọ́, iná," ó jókòó. Ìkejì rẹ̀ ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí tíṣà ìṣirò máa ṣàìsàn díẹ̀díẹ̀. Bàbá wọn fẹ́ bínú, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ àná, àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní "Ọlọ́run, ẹ máa tọ́jú ìyá tó ni ilé Uncle, ẹsẹ̀ ń dùn ún." A ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Yorùbá ló fi sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Ọkọ mi ló ṣe "Àmín" tó fi jí àwọn ará yàrá kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Uselu, ní Sapele Road, ní Upper Sakponba, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, mo fẹ́ bi yín: èdè wo làwọn ọmọ yín fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run, èyí tí ẹ ò kọ́ wọn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ọ̀sán ni mo máa ń ráyè kà á.